Wọ́n ní kí n rẹ́ ẹ pa, mo ní kí wọ́n wó o

Ẹ̀yin èèyàn mi, ìtìjú ni kò jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ yìí síta látọjọ́ yìí. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá kó sí kòtò, tó rọ́nà jáde, tí kò wá fi igi dí i, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn yóò kó sí i ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ sọ bí mo ṣe fọwọ́ ara mi wó dẹ́kìn ilé mi n'Ígbógbó, ní Ìkòròdú, nígbà tí dẹ́kìn ọ̀hún ò tíì pé oṣù méjì.

Ọdún 11 ni mo fi dá àjọ kí n tó ra ilẹ̀ pílọ́ọ̀tì kan yẹn, tí mo san owó ọmọ onílẹ̀, tí mo sì mọ ilé náà dé orí fèrèsé. Iṣẹ́ ọ́fíìsì ni mò ń ṣe n'Íkẹjà, ìyàwó mi ń ta aṣọ. Ètò wa ni pé àwa á máa gbé òkè, a ó fi ìsàlẹ̀ gbàlejò ayálégbé. Nígbà tó ku ká da dẹ́kìn tí owó ò tó, àwọn ayálégbé méjì san owó ọdún kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ fún wa. Tíṣà obìnrin kan tó ń dá tọ́ ọmọ mẹ́ta wà nínú wọn. Owó wọn la fi ra sìmẹ́ńtì, nígbà tí báàgì kan ṣì wà ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́rin náírà. Ẹ fi ọ̀rọ̀ owó ayálégbé yìí sọ́kàn o, torí òun ló dá ìjà sílẹ̀ nígbà tó yá.

Sátidé, ọjọ́ 18, oṣù Kejìlá, ọdún 2021 la dà á. Ọyẹ́ ti ń fẹ́, ètè gbogbo wa ti gbẹ. Ìyàwó mi se ìrẹsì, àwọn lébìrà ń kọrin, ẹ̀rọ tó ń po kọ́nkéré ń ké. Ohun tí mo rí tí ọkàn mi ò gbà ni omi. Ọmọkùnrin tó dúró ti ẹ̀rọ kàn ń da omi sí i ṣáá ni, kò wọ̀n ọ́n. Kọ́nkéré ọ̀hún ń ṣàn bí ọbẹ̀ tí omi pọ̀ jù nínú ẹ̀. Mo lọ bá ọ̀gá bíríkìlà, bàbá tó jù mí lọ dáadáa, tó sì ti pẹ́ nídìí iṣẹ́.

Mo ní, "Bàbá, ṣé omi yìí ò ti pọ̀ jù báyìí?"

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá mi, ẹ lọ jókòó, ẹ máa jẹ ìrẹsì yín. Bí kò bá ṣàn, àwọn ọmọ yìí ò ní í lè tẹ́ ẹ kárí. Oòrùn á fà á gbẹ."

Mo lọ jókòó, mo jẹ ìrẹsì mi.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n wọ́n omi sí i lẹ́ẹ̀kan, ó parí síbẹ̀. Iṣẹ́ ilé mìíràn ti ń dúró de bàbá ní Ẹ̀pẹ́, ọparun àti pákó tó gbé dẹ́kìn tèmi dúró náà ló sì fẹ́ lò níbẹ̀. Lọ́jọ́rú, ọjọ́ 29, tí mo wà níbi iṣẹ́, káfíńtà wá, ó tú gbogbo ẹ̀, ó kó o sínú ọkọ̀, ó gba ọ̀nà Ìtóìkín lọ. Ọjọ́ 11 péré lẹ́yìn tí a dà á nìyẹn.

Nígbà tí ọdún tuntun wọlé, mo gun òkè lọ wo iṣẹ́ mi. Mo rí ìlà tín-ín-rín káàkiri, bí ilẹ̀ odò tó gbẹ. Mo da omi sílẹ̀ láti fọ ibì kan, ni omi bá ṣàn lọ sáàárín yàrá ńlá, ó dúró síbẹ̀. Dẹ́kìn ti tẹ̀ sísàlẹ̀. Mo wo abẹ́ ẹ̀, mo rí ìlà mìíràn tí mo lè ki èékánná bọ̀.

Mo pe bàbá lórí fóònù. Ó ní, "Ọyẹ́ ló fà á, ọ̀gá mi. Kò sí dẹ́kìn tí kì í là lásìkò ọyẹ́. Ẹ ra báàgì sìmẹ́ńtì méjì sílẹ̀, màá wá rẹ́ ẹ pa, ẹ ò ní í rí i mọ́."

Ọ̀rọ̀ "ẹ ò ní í rí i mọ́" yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn.

Mo ní àbúrò kan, ọmọ ìyá mi, tó wà nítòsí Denver, ní ìpínlẹ̀ Colorado, l'Ámẹ́ríkà. Ẹ má bínú, a ti fi ọmọ yẹn rẹ́rìn-ín nínú ẹbí dáadáa, pé ó kàwé tán ní Nàìjíríà, ó wá lọ ń da kọ́nkéré lójú ilé òyìnbó. Òun ni mo pè lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Aago mẹ́wàá alẹ́ ni lọ́dọ̀ wa, aago méjì ọ̀sán ni lọ́dọ̀ tiwọn, ó ṣì wà níbi iṣẹ́. Ó fi fóònù hàn mí: yìnyín funfun báláú lórí òkè, lórí òrùlé, níbi gbogbo. Òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ sì ń tẹ́ aṣọ tó nípọn bíi kúbùsù lé kọ́nkéré tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dà.

Mo ní, "Ṣé kọ́nkéré náà fẹ́ sùn ni?"

Ó ní, "Bọ̀dá mi, bí ẹ bá fojú kékeré wò ó, ẹ ò ní í mọ ohun tó ṣe dẹ́kìn yín."

Ó wá ṣàlàyé fún mi. Lọ́dọ̀ wọn, bí otútù bá ti fẹ́ lọ sísàlẹ̀ ìwọ̀n 4 lórí ẹ̀rọ tó ń wọn ooru, ìṣọ́ra ti bẹ̀rẹ̀. Omi tó bá di yìnyín máa ń fẹ̀ sí i ní nǹkan bí ìdá 9 nínú 100. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀ nínú kọ́nkéré tí kò tíì lágbára, inú ẹ̀ á fọ́, kò sì ní í le bó ṣe yẹ mọ́ láé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi omi gbígbóná pò ó, tí wọ́n ń fi aṣọ bò ó, tí wọn kì í dà á sórí ilẹ̀ tó ti dì. Ní Denver, ìpìlẹ̀ ilé gbọ́dọ̀ wọlẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, kí ilẹ̀ tó ń dì tó sì ń yọ́ má baà máa gbé ilé sókè. Wọ́n tún máa ń fi oògùn kan sí kọ́nkéré tó ń mú afẹ́fẹ́ wínníwínní wọnú ẹ̀, kí omi tó bá dì lè ríbi fẹ̀ sí.

Ó ní, "Otútù ni ọ̀tá wa níbí, oòrùn àti ọyẹ́ ni tiyín. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ omi kan náà ni. Kọ́nkéré kì í gbẹ kó tó le. Sìmẹ́ńtì ló ń mu omi, tó ń di òkúta. Bí omi bá tán lára ẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ìwọ̀nba tó le dé náà ló máa dúró sí."

Ọ̀rọ̀ yìí yé mi nígbà tí mo rántí ẹ̀kọ. Ẹ̀kọ tí omi bá pọ̀ jù nínú ẹ̀, ẹ pọ́n ọn sínú ewé títí, kò ní í dì dáadáa. Báàgì sìmẹ́ńtì kan fẹ́ omi bíi lítà 25 sí 30. Kéègì kan nìyẹn, kéègì yẹ́lò tí gbogbo wa mọ̀, pẹ̀lú díẹ̀ lé. Tiwa lọ́jọ́ yẹn ju kéègì méjì lọ. Èyí tó pọ̀ jù yẹn fẹ́ lọ, ihò tó fi sílẹ̀ ò lóǹkà. Nígbà tó wá yẹ ká fún un lómi, a ò fún un. A fún un lámujù lọ́jọ́ kìíní, a febi omi pa á lọ́jọ́ kẹta.

Mo mú ẹnjiníà wá. Ó fi irinṣẹ́ kan bí òòlù tẹ ara dẹ́kìn káàkiri, ó gé díẹ̀ lára ẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò. Agbára tó yẹ kó ní, kò tiẹ̀ ní ìdajì ẹ̀. Ẹnjiníà ní, "Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sùn lábẹ́ ẹ̀."

Ilé wa gbóná lọ́jọ́ yẹn. Ìyàwó mi ní, "Dádì, owó àwọn ayálégbé wà nínú ẹ̀ o! Níbo la ti fẹ́ rówó dá padà?" Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n gbọ́rọ̀ sí bíríkìlà lẹ́nu, pé ilé tó burú ju tèmi lọ pọ̀ n'Ékòó tó ṣì dúró. Èmi náà fẹ́ gbà. Ṣùgbọ́n oṣù kọkànlá ọdún 2021 ṣì wà lójú mi, nígbà tí ilé alájà 21 wó lulẹ̀ n'Íkòyí, tó pa èèyàn tó lé ní 40. Mo rántí Ìta Fájì, ní ọjọ́ 13, oṣù Kẹta, ọdún 2019, níbi tí ilé tí iléèwé wà nínú ẹ̀ ti wó. Mi ò sọ pé omi ló wó wọn o. Ohun tí mo mọ̀ ni pé èmi ti gbọ́ ohun tó ń ṣe tèmi. Nígbà tó di òru, ìyàwó mi fọwọ́ kàn mí. Ó ní, "Ọmọ mélòó ni tíṣà yẹn ní?" Mo ní mẹ́ta. Kò sọ̀rọ̀ mọ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo lọ pe àwọn tó ń fọ́ ilé.

Oṣù Kejì, ọdún 2022, ni wọ́n fọ́ ọ. Ariwo òòlù yẹn, orí àyà mi ló ń bà sí. Ayálégbé kan ní òun á fi ọlọ́pàá mú mi, ni mo bá ta mọ́tò mi, mo dá owó ẹ̀ padà. Tíṣà ní kí n fi tòun sílẹ̀, òun á dúró.

Kí n tó tún dáwọ́ lé e, mo gba Ẹ̀pẹ́ lọ ní Sátidé kan, mo wá ilé tí ọparun mi lọ. Bàbá arúgbó kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ló ni ín. Wọ́n ti da dẹ́kìn, ọjọ́ kẹrin rèé, ó gbẹ fúrúfúrú nínú oòrùn. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ṣàlàyé.

Bàbá wò mí tìfura-tìfura. "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé kì í ṣe pé o fẹ́ gbaṣẹ́ mọ́ bíríkìlà mi lọ́wọ́?"

Mo fi fọ́tò dẹ́kìn mi hàn wọ́n lórí fóònù. Wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n ké sí ìyàwó wọn pé kó kó gbogbo àpò ìrẹsì tó wà nílé wá. Bíríkìlà dé bá wa níbẹ̀. Kò bá mi jà. Ohun tó sọ ò ju, "Ọ̀gá mi, bí wọ́n ṣe kọ́ èmi náà nìyẹn." Òun fúnra ẹ̀ ló gbé kéègì, tó ń da omi sórí àwọn àpò náà. Bàbá arúgbó sì búra pé ẹnikẹ́ni ò ní í tú ọparun kan kó tó pé ọjọ́ 28.

Oṣù Kọkànlá, ọdún 2022, la da tèmi lẹ́ẹ̀kejì. Èmi ni mo dúró ti ẹ̀rọ, tí mò ń ka kéègì. Omi tí èèyàn lè mu la lò, torí iyọ̀ inú omi ọ̀sà máa ń jẹ irin. Ẹnjiníà bu kọ́nkéré sínú àpótí irin kéékèèké, ó kó o lọ sí iléeṣẹ́ ìjọba Èkó tó ń ṣàyẹ̀wò ohun èlò ìkọ́lé, wọ́n fọ́ ọ wò lọ́jọ́ 7 àti lọ́jọ́ 28. Ọjọ́ 14 la fi bomi rin àpò ìrẹsì lórí ẹ̀, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Àwọn aládùúgbò ń bi wá bóyá ẹ̀fọ́ la gbìn sókè. Owó pọ̀ fún ọparun tó pẹ́ lọ́wọ́ mi, mo san án.

Tíṣà àtàwọn ọmọ ẹ̀ mẹ́ta ti kó wọlé. Nígbà mìíràn tí wọ́n bá ń pariwo nísàlẹ̀ lálẹ́, ìyàwó mi á wò mí, èmi náà á wò ó.

Ẹni tó bá fẹ́ da dẹ́kìn nínú yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ìrẹsì dúró. Ẹ kọ́kọ́ ka kéègì omi.