Àrọ Ìyá Mi

Máàkì 28 nínú 100 ni mo gbà nínú ìdánwò fluid mechanics, ní sáà àkọ́kọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ oyè másítáásì nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ. Ẹ̀kọ́ nípa bí omi, epo àti afẹ́fẹ́ ṣe ń ṣàn ni. Owó tí ìyá mi yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni mo fi san owó ilé-ìwé. N kò lè sọ fún wọn.

Kì í ṣe pé n kò kàwé. Mo há ìdọ́gba Navier-Stokes sórí bí ẹni há oríkì. Ìdọ́gba yìí ló ń sọ bí ohun tó ń ti omi síwájú àti ohun tó ń fà á sẹ́yìn ṣe ń darí ìṣàn rẹ̀. Ó le débi pé láti ọdún 2000 ni Clay Mathematics Institute ti ṣèlérí mílíọ̀nù kan dọ́là fún ẹni tó bá yanjú ìbéèrè ìjìnlẹ̀ kan nípa rẹ̀, kò sì tíì sí ẹni tó gba owó náà. Ṣùgbọ́n ìbéèrè olùkọ́ wa kò gùn: epo tó ki ń ṣàn jẹ́jẹ́ nínú páìpù tóóró, apá wo nínú ìdọ́gba yìí ni a lè yọ kúrò, kí sì nìdí? Mo kọ gbogbo ìdọ́gba náà sílẹ̀ láìku ẹyọ kan. N kò mọ èyí tí mo lè yọ. N kì í béèrè ìbéèrè ní kíláàsì, kí wọ́n má baà sọ pé n kò mọ̀wé. Abéèrè kì í ṣìnà. Èmi kò béèrè, mo sì ṣìnà.

Nígbà ìsinmi oṣù Kejìlá, mo padà sí Ìkirè, níbi tí ìyá mi ti ń ta epo pupa. Ọyẹ́ mú gan-an, epo inú kẹ́ẹ̀gì sì ti ń dì. Wọ́n ní kí n gbé e sí oòrùn, kí n sì máa rọ ọ́ sínú ìgò. N kò rí àrọ ńlá, mo bá mú kékeré. Kò pẹ́ tí àwọn oníbàárà fi tò síwájú ìsọ̀.

"Àjàní, àrọ wo lo mú yẹn? Ṣé kí ilẹ̀ ṣú bá àwọn èèyàn yìí níbí ni?"

"Ẹ má bínú, màmá. Ìdajì ni ẹnu rẹ̀ fi kéré sí ti ńlá."

"Ìdajì wo? Ẹni tó ń dúró ló mọ bó ṣe pẹ́ tó."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi. Poiseuille, dókítà ará Faransé tó fẹ́ mọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń gba inú iṣan tóóró kọjá, ti fi hàn pé bí fífẹ̀ páìpù bá dín kù sí ìdajì, ohun tó ń gba inú rẹ̀ kọjá yóò dín kù sí ìdá kan nínú 16. Mo ti há a sórí. N kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àrọ ìyá mi ni.

Lálẹ́, mo fi fóònù wo àkókò tí àrọ méjèèjì fi kún ìgò kan náà. Kékeré pẹ́ ju ńlá lọ ní ìlọ́po 11. Èé ṣe tí kì í fi í ṣe 16? N kò sùn bọ̀rọ̀. Páìpù inú ìwé gùn. Ọrùn àrọ kúrú, òkè rẹ̀ sì fẹ̀. Ibẹ̀ ni ìdáhùn ìdánwò ti yé mi. Ní ọrùn tóóró, kíki epo borí eré rẹ̀, nítorí náà apá tó jẹ́ ti eré ni a lè yọ. Ohun tí Osborne Reynolds fi hàn ní Manchester ní 1883 nìyẹn, nígbà tó da aró sínú omi tó ń gba inú páìpù onígíláàsì kọjá. Nígbà tí omi rọra ń lọ, aró náà nà gbọọrọ bí òwú. Nígbà tó ń sáré, ó dà rú.

Ní òwúrọ̀, mo jẹ́wọ́. "Màmá, mo fìdí rẹmi nínú ìdánwò kan."

Wọ́n nu ọwọ́ wọn. "Ṣé wọ́n á jẹ́ kí o tún un ṣe?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ó dáa. Kọ́kọ́ rọ epo yẹn tán."

Nígbà tí mo padà, mo mú ìwé tí mo kọ ìṣirò àrọ sí lọ bá olùkọ́ wa. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí mo bi í láti ìgbà tí mo ti wọlé nìyẹn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí kan tí a fi jọ wò ó. Mo tún ìdánwò náà ṣe, mo gba 61.

A kò tíì san gbèsè ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tán. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń há ìwé sórí bíi tèmi, ẹ bi ara yín: nínú ohun tí mo há yìí, èwo ni mo lè yọ, kí sì nìdí? Bí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ na ọwọ́ yín sókè.