Ta Ló Sọ Iṣin Lórúkọ?

Mo mú èso iṣin mẹ́ta wọ kíláàsì lọ́jọ́ tí mo fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ ní orúkọ igi. Méjì ti là, ọ̀kan kò tíì là. Bí mo ti béèrè pé kí ni mo mú lọ́wọ́, ọmọkùnrin kan tí ó fẹ́ràn báyọ́lọ́jì dìde, ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, Blighia sapida ni orúkọ rẹ̀ gan-an." Ọ̀rọ̀ "gan-an" yẹn ni ó dùn mí. Ṣé aláìlórúkọ ni iṣin tẹ́lẹ̀ ni?

Mo délé, mo wá ìdí ọ̀rọ̀ náà. Láti ọdún 1753 tí Linnaeus, ọmọ ilẹ̀ Swídìn, ti tẹ ìwé rẹ̀ lórí ewéko jáde ni àwọn onímọ̀ ti ń fún ewéko ní orúkọ alápá méjì. Apá kìn-ín-ní ni òun àti àwọn ìbátan rẹ̀ jọ ń jẹ́, apá kejì ni ó yà á sọ́tọ̀ láàrin wọn; ó jọ bí a ti ń kọ orúkọ ọmọ sínú régístà.

William Bligh ni ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi tí àwọn atukọ̀ rẹ̀ dìtẹ̀ mọ́ lórí agbami ní 1789. Ó gbé iṣin láti Jàmáíkà lọ sí ọgbà Kew ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1793, Koenig sì fi orúkọ igi náà bọlá fún un ní 1806. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, láti etíkun tiwa níbí ni iṣin ti dé Jàmáíkà láyé òwò ẹrú! Ní 1808, Tussac, ará Faransé, pe igi kan náà ní Akeesia, láti ara orúkọ tí wọ́n ń pè é ní Jàmáíkà, èyí tí ó ti inú èdè Akan wá. Ó ti pẹ́ jù. Òfin wọn ni pé orúkọ tí a bá kọ́kọ́ tẹ̀ jáde bó ti yẹ ni ó jàre. Òfin náà kò kọ èdè kankan. Ìwé ni ó ń béèrè, a kò sì tíì kọ tiwa sílẹ̀ nígbà náà. Mo sì gbà pé orúkọ kan ṣoṣo wúlò, kí ará Jàmáíkà, ará Gánà àti àwa lè mọ̀ pé ohun kan náà ni à ń sọ.

Ìtumọ̀ sapida ní èdè Látìn ni ohun tó dùn lẹ́nu.

Lọ́jọ́ kejì, mo ti gbọ́n àlàyé mi jọ. Kí n tó la ẹnu, ọmọ náà ti mú èyí tí kò là lórí tábìlì, ó ń ki èékánná bọ̀ ọ́. "Ṣé báyìí ni wọ́n ń ṣí i, sà?" Mo já a gbà. Ìyá mi àgbà kò mọ ìwé, ṣùgbọ́n kí n tó mọ a-b-d ni wọ́n ti kìlọ̀ fún mi pé iṣin tí kò bá fúnra rẹ̀ là, májèlé ni. Ìyẹn ni mo kọ́kọ́ ní kí wọ́n kọ sínú ìwé wọn, kí n tó kọ orúkọ méjèèjì sí ojú pátákó.