Igbó Tí Ó Wà Láàárín Ìgboro

Àwọn àgbà ní igi kan kì í dá igbó ṣe. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ òwe yìí, ìtumọ̀ kan ṣoṣo ni mo sì mọ̀ fún un: pé ẹnì kan kò lè dá iṣẹ́ ìlú ṣe. N kò mọ̀ pé òwe náà ń sọ̀rọ̀ nípa igbó gan-an, títí di ọjọ́ tí èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi lọ wo igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo.

Kí n tó sọ ohun tí mo rí, mo ní ẹ̀ṣẹ̀ kan tí mo gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́. Ní Ayétòrò-Èkìtì, ìlú mi, odò kékeré kan wà lẹ́yìn ilé wa tí igbó dídí bo etí rẹ̀ méjèèjì. Ìyá àgbà kì í jẹ́ kí a ṣẹ́gi níbẹ̀. Bí a bá béèrè ìdí rẹ̀, èsì wọn kò ju “Èèwọ̀ ni” lọ. Nígbà tí mo wà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, ìyá àgbà ti lọ bá àwọn baba wọn, àwa ọ̀dọ́ àdúgbò sì pinnu láti tún ibẹ̀ ṣe. A mú àdá, a ṣán gbogbo rẹ̀, a gbin mẹ́línà sí i ní ìlà-ìlà, a sì ń yangàn pé a ti sọ igbó di ọgbà. Nígbà tí òjò dé, erùpẹ̀ etí odò ń ya bọ́ sínú omi. Kí ẹ̀ẹ̀rùn kejì tó parí, odò ti di pọ̀tọ̀pọ́tọ̀, ewé Akíntọ́lá ti gba etí rẹ̀, àwọn ẹyẹ tí ó máa ń jí wa ní ìdájí kò sì sí mọ́.

Ẹrù yìí ni mo gbé lọ sí Òṣogbo. Ariwo ọkọ̀ kò tíì tán létí wa tí a fi wọ abẹ́ ibòòji. Igbó náà fẹ̀ tó hẹ́kítà 75, ojúbọ 40 ni ó wà nínú rẹ̀, àwọn ọ̀bọ sì ń fò láti orí igi dé orí igi bí ẹni pé kò sí ìlú nítòsí. Mo bi bàbá tí ó ń mú wa kiri pé, “Ẹ jọ̀wọ́ sà, ta ni ó gbin gbogbo igi wọ̀nyí?” Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, a kò gbìn ín. A fi í sílẹ̀ ni.”

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wádìí ìtàn igbó náà, mo rí i pé fífi sílẹ̀ pàápàá, iṣẹ́ ni. Ní ayé ìjọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ṣán apá kan rẹ̀, wọ́n gbin igi tíìkì tí ó ti ilẹ̀ Éṣíà wá síbẹ̀, wọ́n sì dáko. Lẹ́yìn 1950, èèwọ̀ ti dẹ̀: àwọn kan ń pẹja, wọ́n ń dẹ̀gbẹ́, wọ́n ń gégi níbi tí kò yẹ. Susanne Wenger, ará Ọ́síríà tí ó dé Nàìjíríà ní 1950, tí a wá mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, pẹ̀lú àwọn àwòrò àti àwọn oníṣẹ́-ọnà bí Adébísí Àkànjí àti Bùráímọ̀ Gbàdàmọ́sí, ni wọ́n dìde sí ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n tún ojúbọ ṣe, wọ́n sì mọ ère kaakiri igbó. Ìjọba sọ apá kan rẹ̀ di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1965, ó gba hẹ́kítà 75 náà tán ní 1992. Ní 2005, UNESCO kọ ọ́ mọ́ ohun àjogúnbá gbogbo ayé. Àkọsílẹ̀ wọn sọ pé ibi tí a ti ṣán tẹ́lẹ̀ ti ń padà di igbó.

Báwo ni ilẹ̀ tí a ṣán ṣe ń padà di igbó? Ẹyẹ, àdán àti ọ̀bọ ni àgbẹ̀ ibẹ̀. Wọ́n á jẹ èso ìyeyè tàbí ti ìrókò níhìn-ín, wọ́n á sì yàgbẹ́ kóró rẹ̀ sí ọ̀hún. Iṣẹ́ ènìyàn ni láti dá iná ẹ̀ẹ̀rùn dúró, kí ó má fi àdá kan èhù, kí ó sì máa fa èpò tu títí igi yóò fi ga. Ewé Akíntọ́lá, tí ó ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà wá, kò lè gbé lábẹ́ ibòòji. Bí orí àwọn igi bá ti pàdé, ìjọba rẹ̀ ti tán nìyẹn. Ní Ìbàdàn, nínú ọgbà IITA tí a dá sílẹ̀ ní 1967, ilẹ̀ tí ó jẹ́ oko tẹ́lẹ̀ ti di igbó dídí lọ́nà yìí.

Igbó Ọ̀ṣun kì í sì ṣe ibi tí èrò kò sí. Nígbà ọdún Ọ̀ṣun ní oṣù kẹjọ, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni ó ń wọ́ lọ sí etí odò. Bí olúkúlùkù bá ń rìn bó ti wù ú, èhù kan kò ní dàgbà. Ọ̀nà ni wọ́n là, tí ẹsẹ̀ gbogbo ènìyàn fi ń tọ ojú kan.

Ohun tí ó bà mí nínú jẹ́ ni omi. Ìgèdè-Èkìtì ni a mọ̀ sí orísun odò Ọ̀ṣun, kò sì jìnnà púpọ̀ sí wa ní Ayétòrò. Láti ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, omi náà ti pọ́n bí ẹrẹ̀, a sì ń dá àwọn tí ń wa góòlù lókè odò lẹ́bi. Wọ́n ní odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ. Àwa tí a wà ní orísun tí a gbàgbé odò ńkọ́? Bí a bá ń ba omi jẹ́ lókè, asán ni làálàá ẹni tí ń ṣọ́ igbó nísàlẹ̀.

Ní ìsinmi tí ó ń bọ̀, mo fẹ́ lọ bá àwọn tí a jọ ṣán igbó ọjọ́sí. Ó rọrùn láti bẹ ènìyàn pé kí ó gbin igi. Ohun tí ó nira ni láti ní kí a máa gé mẹ́línà kúrò díẹ̀díẹ̀, kí a lé iná jìnnà, kí a sì fi àyè sílẹ̀ fún ohun tí yóò fúnra rẹ̀ hù. Àwọn kan yóò ní ìbọ̀rìṣà ni mo fẹ́ dá padà. Ọmọ ìjọ ni èmi náà, n kò ní bá ẹnikẹ́ni jà. Ìbéèrè kan ni n ó bi wọ́n: èèwọ̀ ti lọ, kí ni a fi rọ́pò rẹ̀?

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, àwa ni a ń kọ èèwọ̀ sínú ìwé ìdánwò. Ẹ jẹ́ kí a máa wádìí ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣọ́ kí a tó sọ ọ́ nù. Bí mo bá ti tẹ̀ síwájú láti bi ìyá àgbà léèrè, bóyá odò ẹ̀yìnkùlé wa ì bá ṣì máa ṣàn.