Ìwé Inú Àpótí Bàbá Mi

Bí obìnrin bá ti ilé Onígbàgbọ́ bọ́ sínú ẹ̀sìn Ìsìláàmù ní ilẹ̀ Yorùbá, ìbéèrè kan ṣoṣo ni àwọn ènìyàn máa ń bi í: ‘Ta ni ọkọ rẹ?’ Wọn kì í béèrè ohun tí ó kà, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í béèrè ohun tí ó rò. Èrò wọn ni pé ẹ̀sìn ọkọ ni ẹ̀sìn aya. N kò bá wọn jiyàn, nítorí bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó rí fún ọ̀pọ̀. Ṣùgbọ́n ní tèmi, ọdún mẹ́rin gbáko ni mo ti ń kírun kí n tó lọ sílé ọkọ. Ọkọ kọ́ ni ó mú mi dé mọ́sálásí. Ìwé ni, inú àpótí bàbá mi ni mo sì ti rí ìwé náà.

Kátíkíìsì ni bàbá mi nínú ìjọ Áńgílíkà ní ìletò kan tí kò jìnnà sí Ìbàdàn. Òun ni ó ń lu agogo ìsìn, òun ni ó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́, òun náà ni ó sì ń wàásù ní ọjọ́ Ìsinmi tí àlùfáà kò bá lè wá. Kò lówó, ṣùgbọ́n ó ní àpótí pákó kan lábẹ́ ibùsùn rẹ̀ tí ó kún fún ìwé. Bíbélì wà níbẹ̀, ìwé orin wà níbẹ̀, ìwé àdúrà wà níbẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá ni Alùkùráánì èdè Yorùbá wà, èyí tí Àlùfáà M. S. Cole túmọ̀, tí ó kọ́kọ́ jáde ní 1906, tí wọ́n sì tún tẹ̀ ní 1924. Ẹ̀dà 1924 ni ti bàbá mi.

Kí ó má ṣe ya ẹ̀yin òǹkàwé mi lẹ́nu pé Kátíkíìsì ní Alùkùráánì nílé. Àlùfáà ìjọ Kristi ni ó kọ́kọ́ túmọ̀ rẹ̀ sí èdè wa. Bàbá mi ra ìwé náà kí ó lè mọ ohun tí àwọn Mùsùlùmí ń kà, kí ó sì lè rí èsì fọ̀ fún wọn nígbà tí iyàn bá dé. Ó fi lẹ́ẹ̀dì fa àmì ìbéèrè sí ẹ̀gbẹ́ gbogbo ibi tí ó rò pé òun lè mú wọn. Ọ̀nà tí ó là fún iyàn ni èmi gbà kọjá lọ síbi tí kò rán mi.

Ní 1974, mo wá lo ìsinmi nílé láti ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni. Ẹni ọdún mọ́kànlélógún ni mí. Òjò kan rọ̀ láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́, kò sì sí ohun tí mo lè ṣe ju ìwé kíkà lọ. Mo fa àpótí náà jáde. Màríà ni wọ́n sọ mí nígbà ìrìbọmi, nítorí náà nígbà tí mo rí i pé orúkọ mi ni wọ́n fi pe súrà kọkàndínlógún, mo jókòó tì í. Áyà méjìdínlọ́gọ́rùn-ún ni súrà náà ní. Mo rí Màríà níbẹ̀, òun nìkan, tí ó ń rọbí lábẹ́ igi dàbínù, tí kò sí ìyá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí kò sí agbẹ̀bí. Mo rí i tí ó gbé ọmọ padà sí àárín àwọn ènìyàn rẹ̀, tí wọ́n fi ẹ̀sùn kàn án, tí òun kò sì sọ̀rọ̀, àfi pé ó nawọ́ sí ọmọ náà. Lẹ́yìn èyí ni mo wá mọ̀ pé òun nìkan ni obìnrin tí Alùkùráánì pe orúkọ rẹ̀. Obìnrin tí mo ti mọ̀ láti kékeré ni, síbẹ̀ ó dà bí ẹni pé n kò tíì rí i rí.

N kò gba ẹ̀sìn lọ́jọ́ náà. Ọdún méjì ni mo fi kà, tí mo fi béèrè, tí mo sì fi bẹ̀rù. Ohun tí ó mú mi kò ju ọ̀kan lọ: pé Ọlọ́run kan ni ó wà, kò bí ọmọ, a kò sì bí i, ẹrú rẹ̀ sì lè dúró níwájú rẹ̀ láìsí alágbàwí. Ní 1976 mo sọ kálìmọ́ ṣàhádà níwájú àwọn ààfáà mẹ́ta. Wọ́n ní kí n mú orúkọ. Mo ní Mòríámọ̀, èyí tí í ṣe Màríà náà.

Nígbà tí mo sọ fún bàbá mi, ó dákẹ́ pẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó wí pé, ‘Èmi ni mo fi owó mi ra ìwé náà. N kò lè bínú sí ọ, n kò sì lè bá ọ yọ̀.’ Láti ọjọ́ náà kò pè mí ní Màríà mọ́, ẹnu rẹ̀ kò sì gba Mòríámọ̀. ‘Tíṣà’ ni ó ń pè mí, bí ẹni ń pe olùkọ́ àjèjì tí wọ́n rán wá sí abúlé.

Ní mọ́sálásí, wọ́n gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀. Mo jókòó pẹ̀lú àwọn ọmọ ọdún mẹ́fà ní ilé kéú, wàláà ní ọwọ́ mi, wọ́n sì ń fi mí rẹ́rìn-ín nígbà tí ahọ́n mi bá kọsẹ̀. Èyí kò dùn mí. Ohun tí ó wá wúwo ni ìmọ̀ràn oníwàásù ọ̀dọ́ kan tí ó gbóná nínú ẹ̀sìn. Ó ní, ‘Arábìnrin, ohun gbogbo tí ẹ mọ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ sọ ọ́ nù.’ Ó ní kí n jáwọ́ nínú òwe, nítorí ọ̀rọ̀ àwọn kèfèrí ni. Ó ní kí n má ṣe kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni mọ́, ì báà ṣe bàbá tí ó bí mi, nítorí Ọlọ́run nìkan ni ìkúnlẹ̀ tọ́ sí. Ẹ̀sìn ṣì jẹ́ tuntun lára mi, ẹ̀rù sì ń bà mí kí n má baà ṣe é ní àbọ̀. Mo gbà.

Ní ọdún Iléyá 1979, mo gbé ẹran lọ sílé fún àwọn òbí mi. Bàbá mi jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bí ó ti rí mi, ó nawọ́ láti súre fún mi gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ṣùgbọ́n orí mi kò sí níbi tí ọwọ́ rẹ̀ ti máa ń bá a. Mo wà lórí ìdúró, mo kí i. Ọwọ́ rẹ̀ dúró ní òfuurufú fún ìgbà díẹ̀, ó sì fà á padà sí itan rẹ̀. Ó ní, ‘Ẹ kú ọ̀nà, Tíṣà. Ẹ jókòó.’ Bàbá tí ó bí mi ni ó ń fi ‘ẹ’ bá mi sọ̀rọ̀. Ẹni tí ó bá gbọ́ Yorùbá mọ̀ pé ìlẹ̀kùn ni ó tì yẹn.

Ìyá àgbàlagbà kan wà nínú ẹgbẹ́ àsàlátù wa tí ó ń ṣe iṣẹ́ aró. Aró kì í kúrò ní ọwọ́ rẹ̀. Bí ó bá tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ fún àdúrà, bí ẹlú ni ó ń dú. Òun ni mo sọ ọ̀rọ̀ náà fún. Mo rò pé yóò yìn mí. Ó bi mí pé, ‘Ìwọ ọmọ yìí, ta ni ó kọ́ ọ ní kíkà?’ Mo ní bàbá mi ni. Ó ní, ‘O wá fi ìwé tí ó kọ́ ọ dójú tì í.’ Ó ní kí n lọ wo súrà Lùkmánù, ìkọkànlélọ́gbọ̀n nínú Alùkùráánì. Mo lọ wò ó. Mo rí i níbẹ̀ pé bí òbí bá ń fi ipá mú ọmọ láti wá orogún fún Ọlọ́run, kí ọmọ má gbà. Síbẹ̀ kí ó bá wọn gbé pẹ̀lú inú rere ní ilé ayé. Ó tún sọ ìtàn Asmau ọmọ Abubakar fún mi, ẹni tí ìyá rẹ̀ tí kò tíì gba ẹ̀sìn wá kí i, tí ó lọ béèrè lọ́wọ́ Ànábì bóyá kí òun ṣe dáadáa sí i, tí Ànábì sì ní kí ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ó wá parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ pé, ‘Ìforíkanlẹ̀, ti Ọlọ́run ni. Orúnkún tí a fi kí bàbá, ẹ̀kọ́ ilé ni. Bí o kò bá mọ ìyàtọ̀ wọn, kéú rẹ kò tíì jinná.’

Mo mọ̀ pé ẹnu àwọn onímọ̀ kò kò lórí ọ̀rọ̀ ìkúnlẹ̀ yìí títí di òní, n kò sì dá ẹni tí ó yan ọ̀nà mìíràn lẹ́bi. Èmi yan tèmi. Ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, mo padà sílé, mo sì kúnlẹ̀. Bàbá mi gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó ń súre, mo ń ṣe àmín. Nígbà tí ó dé ibi tí ó ti máa ń fi orúkọ Jésù dé e ládé, mo dákẹ́. Ó gbọ́ ìdákẹ́ náà. Ó sinmi díẹ̀, ó sì wí pé, ‘Olúwa yóò gbọ́, Àbẹ̀kẹ́.’ Mo ní, ‘Àmín.’ Láti ìgbà náà, bẹ́ẹ̀ ni ó máa ń parí àdúrà tí ó bá gbà fún mi. Oríkì mi ni ó sì ń pè mí títí ó fi kú, nítorí kò sí ẹ̀sìn tí ó fún mi ní Àbẹ̀kẹ́, kò sì sí èyí tí ó lè gbà á.

Láti ìgbà yìí ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú akẹ́kọ̀ọ́ èdè wo ẹ̀sìn mi. Nígbà tí mo kọ́ èdè Lárúbáwá dé ìwọ̀n, mo rí ohun tí ó yà mí lẹ́nu. Àdúrà tí bàbá mi ń gbà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀rọ̀ tí a yá láti inú èdè Lárúbáwá ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìwàásù rí, àti wòlíì, àti àlàáfíà, àti sùúrù, àti wákàtí. Àlùfáà fúnra rẹ̀, orúkọ onímọ̀ Mùsùlùmí ni kí ìjọ Kristi tó lò ó. Nígbà tí Sámúẹ́lì Àjàyí Crowther àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ń túmọ̀ Bíbélì, tí odindi rẹ̀ parí ní 1884, wọ́n bá púpọ̀ nínú àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí lẹ́nu àwọn Yorùbá, wọ́n sì mú wọn lò láìjanpata. Èmi tí wọ́n ní kí n sọ ohun gbogbo tí mo mọ̀ nù, ọ̀rọ̀ tí ó ti mọ́sálásí wá ni mo ti fi ń gbàdúrà láti ìgbà tí mo ti lè sọ̀rọ̀. Bí mo bá sọ èdè ilé bàbá mi nù, apá kan nínú ẹ̀sìn mi ni n bá sọ nù.

Mo tún wá mọ̀ pé èmi kọ́ ni obìnrin àkọ́kọ́ tí yóò wá ààyè fún èdè rẹ̀ nínú ẹ̀sìn yìí. Nana Asma'u ọmọ Usman dan Fodio, tí a bí ní 1793, tí ó sì kú ní 1864, kọ ewì ní èdè Fúlàní, Haúsá àti Lárúbáwá. Ó sì ṣètò àwọn obìnrin tí wọ́n ń gbé ẹ̀kọ́ lọ bá àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní abúlé. Ní Ìbàdàn tiwa, Alhaja Humuani Alaga, oníṣòwò aṣọ, ni ó ṣáájú àwọn obìnrin tí ó dá ẹgbẹ́ Isabatudeen sílẹ̀ ní 1958, tí wọ́n sì dá ilé ẹ̀kọ́ gíráńmà sílẹ̀ fún àwọn ọmọbìnrin ní 1964. Èmi kò tó wọn. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ kékeré kan ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú fún àwọn ìyá àsàlátù wa. Mo ń ka ìtumọ̀ súrà kúkúrú fún wọn ní Yorùbá, àwọn náà sì ń fi òwe gbè é. Aláró ni ó máa ń jókòó sí iwájú.

Bàbá mi dolóògbé ní 1988. Àwọn kan ní mọ́sálásí ní kí n má ṣe tẹ ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ń retí pé ikú rẹ̀ ni yóò dá mi padà. Mo wọlé, mo jókòó láàárín àwọn àbúrò mi pẹ̀lú ìborùn mi lórí. Nígbà tí wọ́n kọrin, n kò kọ. Nígbà tí wọ́n kúnlẹ̀, mo jókòó. Nígbà tí wọ́n ń sọ ìwà rẹ̀, mo sunkún ju ẹnikẹ́ni lọ.

Ìṣòro mi kò sí nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀yìn ìrun alẹ́ ọjọ́ náà ni mo bá a pàdé, nígbà tí mo tẹ́wọ́ tí n kò mọ ohun tí n óò sọ. Àwọn olùkọ́ mi ti kọ́ mi pé a kì í tọrọ àforíjìn fún ẹni tí kò kú sínú ẹ̀sìn wa. N kò lè tako ẹ̀kọ́ náà, n kò sì lè pa ọwọ́ mi dé. Mo wí pé, ‘Ìwọ ni o dá a. Ìwọ ni o mọ̀ ọ́n jù mí lọ.’ Títí di òní, n kò ní àdúrà mìíràn tí ó kọjá èyí.

Kí ó tó kú, ó ti ní kí wọ́n fún mi ní ìwé inú àpótí náà. Orí tábìlì mi ni ó wà báyìí, èèpo rẹ̀ ti já. Àwọn àmì ìbéèrè tí ó fi lẹ́ẹ̀dì fà kò tíì parẹ́. Láti ọdún wọ̀nyí wá, mo ti ń fi lẹ́ẹ̀dì tèmi kọ èsì sí ẹ̀gbẹ́ wọn, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí mo bá ti rí i kọ́. Àwọn kan ṣì wà níbẹ̀ tí n kò tíì kọ nǹkan kan sí.