Odindi Iṣu, Odindi Ìmọ́lẹ̀

Ní Boni, ní ìlú Ṣábẹ̀ẹ́ tí àwọn òkè olókùúta yí ká, àwa mẹ́ta máa ń jókòó ti àwọn ọmọ iléèwé lálẹ́, tí a ń bá wọn ṣe àtúnyẹ̀wò ẹ̀kọ́ kí ìdánwò BAC tó dé. Faransé ni èdè ìwé wọn. Yorùbá ni èdè ẹnu wa. Abẹ́ fìtílà sólà kan ni gbogbo rẹ̀ ti ń wáyé.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ọ̀rọ̀ kan fótọ́ọ̀nù, ìyẹn ẹyọ ìmọ́lẹ̀. Ọmọbìnrin kan nawọ́, ó ní: «Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ṣé agbára ìmọ́lẹ̀ ní ìwọ̀n kan tó kéré jù lọ, tí kò sí ohun tí a lè wọ̀n tó kéré jù ú lọ mọ́?» A kò tilẹ̀ ronú. A ní bẹ́ẹ̀ ni. A ní bí owó sẹ́fà ti ní ẹyọ tó kéré jù ni ìmọ́lẹ̀ náà ní tirẹ̀, ohun tí ìwé Faransé ń pè ní quantum sì nìyẹn. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, ó sì fa ìlà sí i nídìí.

Bí a ti ń lọ sílé, ọ̀kan nínú wa béèrè pé: «Èló wá ni ẹyọ náà?» Kò sí ẹni tó rí èsì fọ̀. A ti há ọ̀rọ̀ náà sórí ní Faransé láti ọjọ́ pípẹ́. Ìgbà tí a fẹ́ sọ ọ́ ní Yorùbá ni a tó mọ̀ pé a kò lóye rẹ̀ rí. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. A wo ẹ̀yìn, àwọn ọmọ wa ni a rí níbẹ̀.

A padà sídìí ìwé. Ní 1900, Max Planck, onímọ̀ ará Jámánì, dábàá pé agbára kì í ti ara ohun gbígbóná ṣàn jáde bí omi, pé ẹyọ ẹyọ ni ó ń jáde. Ní 1905, Albert Einstein ní ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ ni ó wà ní ẹyọ ẹyọ. Bí a bá fẹ́ mọ agbára ẹyọ kan, a ó mú iye ìgbà tí ìgbì rẹ̀ ń mì ní ìṣẹ́jú àáyá kan, a ó fi nọ́ńbà Planck sọ ọ́ di púpọ̀. Láti ọjọ́ 20 oṣù karùn-ún ọdún 2019 ni a ti fi nọ́ńbà náà lélẹ̀ ní 6,62607015 × 10⁻³⁴. Ibí yìí gan-an ni a ti kọsẹ̀: a pe nọ́ńbà náà ní ẹyọ agbára tó kéré jù, bẹ́ẹ̀ sì ni ohun tí a fi ń ṣírò lásán ni.

Ẹ wo ọjà iṣu wa. Oníṣu kì í gé iṣu tà. Odindi ni à ń rà. Síbẹ̀, kò sí òfin tó sọ bí iṣu kan ti gbọ́dọ̀ fi tóbi ju èkejì lọ. Bẹ́ẹ̀ ni fótọ́ọ̀nù rí. A kì í rí ìdajì rẹ̀ gbà, ṣùgbọ́n nínú òfuurufú gbalasa, kò sí ìwọ̀n tí kò lè ní. Ti ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé ní agbára bíi 3,6 × 10⁻¹⁹ júùlù. Ti rédíò FM tó ń mì ní ìgbà mílíọ̀nù 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan kò ju bíi 6,6 × 10⁻²⁶ lọ. Àárín méjèèjì kò ní àtẹ̀gùn. Átọ́ọ̀mù ló ní àtẹ̀gùn tirẹ̀, tí kì í gba fótọ́ọ̀nù tí kò bá a mu. Ìdí nìyẹn tí pánẹ́ẹ̀lì sólà tí a gbé sún mọ́ ìkòkò gbígbóná nínú òkùnkùn kò fi lè tan fìtílà, bí ooru náà ti wù kí ó pọ̀ tó: ẹyọ kọ̀ọ̀kan rẹ̀ ti kéré jù.

Ìwọ̀n tiwa ló ní ààlà. Bí a bá lu agogo méjì tí ohùn wọn fẹ́ jọra, tí a sì yára fọwọ́ pa wọ́n lẹ́nu mọ́, etí kò ní mọ ìyàtọ̀ wọn. Bí a bá jẹ́ kí wọ́n pẹ́ ní dídún, ìyàtọ̀ náà yóò hàn. Bákan náà ni ìmọ́lẹ̀: bí a bá ti ń fẹ́ mọ ìyàtọ̀ tó kéré sí i, bẹ́ẹ̀ ni a ó máa tẹ́tí pẹ́ sí i. Ẹni tó bá ti ń tẹ́tí láti ìbẹ̀rẹ̀ àgbáyé, láti nǹkan bíi bílíọ̀nù 13,8 ọdún sẹ́yìn, ìyàtọ̀ bíi 10⁻⁵¹ júùlù ni agbára rẹ̀ mọ. Ààlà àkókò wa nìyẹn, kì í ṣe ààlà ìmọ́lẹ̀.

Nígbà tí a tún pàdé, a sọ fún ọmọ náà níwájú gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ pé: «Àṣìṣe ni ohun tí a kọ́ ọ. Má bínú.» Ilé pa lọ́lọ́. Ó ṣí ìwé rẹ̀, ó fa igi lé ọ̀rọ̀ àná, ó sì kọ tuntun sábẹ́ rẹ̀ ní èdè méjèèjì. Lẹ́yìn náà ni ó rọra sọ pé: «Àbúrò mi ti da èyí àkọ́kọ́ kọ. Mo máa bá a tún un ṣe.»

Ojú tì wá, inú wa sì dùn. Ọ̀rọ̀ tí a kò ronú sí kì í dúró sí ibi tí a sọ ọ́ sí. Láti ọjọ́ náà, a kì í kọ́ àwọn ọmọ ní ohunkóhun ní Faransé tí a kò bá tíì kọ́kọ́ sọ ọ́ fún ara wa ní Yorùbá, kí ó sì yé wa.