Iṣẹ́ Ìda, Iṣẹ́ Òǹtẹ̀

Mẹ́dàlì ìrántí ni mò ń ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù, irú èyí tí wọ́n fi ń sàmì ìgbéyàwó, oyè tàbí ikú ẹni ńlá. Kì í ṣe owó, kì í sì í ṣe ohun tí sójà ń fi kọ́ àyà. Ilé-Ifẹ̀ ni mo ti kọ́ iṣẹ́ idẹ: a ó fi ìda mọ ère, a ó fi amọ̀ bò ó, iná á yọ́ ìda jáde, idẹ yíyọ́ á wá dí àyè rẹ̀. Ìyẹn ni kò jẹ́ kí iṣẹ́ àwọn ará Yúróòpù àtijọ́ ṣàjèjì sí mi. Ní nǹkan bí ọdún 1438, Pisanello, ayàwòrán ará Ítálì, ṣe mẹ́dàlì John VIII Palaiologos, olú ọba Bìsáńtíọ̀mù. Dídà ló dà á, kò fi òǹtẹ̀ tẹ̀ ẹ́ bí owó. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ wa ti ṣẹ̀.

Nígbà tí sáà Baroque wọlé, Guillaume Dupré ti ilẹ̀ Faransé ni mo gbà lọ́gàá. Ẹ wo ẹ̀yìn mẹ́dàlì tó ṣe ní 1603 fún Ọba Henri IV àti Marie de Médicis ìyàwó rẹ̀. Ọba dúró lápá kan bíi Mars, òrìṣà ogun. Ayaba dúró lápá kejì bíi Pallas, òrìṣà ọgbọ́n. Wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́. Ọmọ wọn, tó padà di Louis XIII, wà láàárín, ó ń dé àṣíborí bàbá rẹ̀, ó sì fi ẹsẹ̀ lé ẹja dolphin, àmì àrẹ̀mọ ilẹ̀ Faransé. Idì ń gbé adé bọ̀ láti òkè.

Ohun roboto kò ní igun tí a lè há nǹkan sí. Dupré fi àwọn àgbà méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́, ó fi àárín sílẹ̀ fún adé, ọwọ́ àti ọmọ. Ojú tó bá bẹ̀rẹ̀ látòkè, ọ̀dọ̀ ọmọ ló máa balẹ̀ sí. Ohun tí ọba fẹ́ sọ nìyẹn: ìtẹ́ ti ní àrólé. Ní ojú iwájú, orí ọba bo ti ayaba díẹ̀, ó sì yọ jù ú lọ. Mìlímítà díẹ̀ ni gbogbo gíga yìí, òjìji ló ń ṣe ìyókù.

Ẹ̀rọ ìtẹ̀ ló yí iṣẹ́ dídà yìí padà. Ìjọba Louis XIV fẹ́ mẹ́dàlì púpọ̀ tó dọ́gba láti fi sọ ìtàn ọba, ni òǹtẹ̀ irin bá gbayì. Ṣùgbọ́n idẹ tútù kì í gòkè wọ inú òǹtẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àwòrán tó bá ga, a ó tẹ̀ ẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà, a ó máa fi iná rọ̀ ọ́ láàárín. Nítorí náà ni àwọn agbẹ́òǹtẹ̀ ṣe ń jẹ́ kí àwòrán wọn fara mọ́lẹ̀. Ní Florence, Massimiliano Soldani-Benzi (1656–1740), tó ń ṣiṣẹ́ fún ìdílé Medici, ṣì ń da mẹ́dàlì ńlá.

Idẹ tún máa ń sún kì bó bá ń tutù. Ẹ̀dà tí wọ́n bá fi mẹ́dàlì àtijọ́ dà máa ń kéré sí i díẹ̀, etí lẹ́tà rẹ̀ á sì kú. Tí wọ́n bá gbé “Dupré” wá bá mi, wíwọ̀n ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀.

Àwọn oníbàárà mi máa ń fẹ́ ilé, oyè àti gbogbo ọmọ lójú kan ṣoṣo. Mo máa ń bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ kí ọmọ-ọmọ wọn kọ́kọ́ rí, àti pé ẹyọ mélòó ni wọ́n ń fẹ́. Ìdáhùn àkọ́kọ́ ló ń sọ ohun tó máa wà láàárín. Ìkejì ló ń sọ bóyá ìda ni mo máa gbé tàbí òǹtẹ̀.