Agolo Àtijọ́, Ère Tuntun

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ kan tí ó wà ní ọdún kẹta ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ mọ òwe yìí dáadáa. Ó tilẹ̀ ti fi kọ́ àwọn ọmọ iléèwé rí. Síbẹ̀, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù Keje ni òwe náà tó yé òun fúnra rẹ̀.

Ohun èlò ìkọ́ni ni ó ń ṣe lọ́wọ́. Iṣẹ́ ọnà igi ni ó fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ, ó sì yan iṣẹ́ Thomas Ona Odulate, agbẹ́gilére ọmọ Ìjẹ̀bú tí ó fi Èkó ṣe ibùgbé láyé ìjọba amúnisìn. Ère kéékèèké ni Odulate máa ń gbẹ́: Òyìnbó aláṣẹ, lọ́yà, ọba àti àwọn mìíràn bẹ́ẹ̀. Yíǹkì pupa àti dúdú pẹ̀lú pólíìṣì bàtà funfun ni ó fi ń kùn wọ́n. Ibi tí kò bá kùn, àwọ̀ igi ni yóò hàn níbẹ̀. Àwọn ère rẹ̀ wà ní ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ní ilẹ̀ òkèèrè títí di òní. Akẹ́kọ̀ọ́ náà gbẹ́ mẹ́fà ní àfarawé wọn. Ìkeje, ìyá tí ó pọn ọmọ sẹ́yìn, bàbá rẹ̀ ni ó gbẹ́ ẹ kí ó tó jáde láyé. Kíkùn nìkan ni ó kù fún ọmọ láti ṣe.

Àwọn ọmọ iléèwé yóò máa gba àwọn ère náà lọ́wọ́ ara wọn, àtẹ́lẹwọ́ wọn yóò sì láàgùn. Bí omi bá kan irú yíǹkì bẹ́ẹ̀, yóò ṣàn. Fáníìṣì ni ó lè dáàbò bò ó. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó fi búrọ́ọ̀ṣì kun fáníìṣì sí ara ère ọlọ́pàá, pupa ìgbànú rẹ̀ ràn mọ́ ṣòkòtò. Èyí ni ó mú kí ó wá irú fáníìṣì tí a ń fọ́n láti inú agolo, nítorí pé kò sí ohun tí yóò fi kan ojú ère. Ó rí ọ̀kan nísàlẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù ní yàrá iṣẹ́-ọnà. Eruku ti bo ara rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó rántí ọdún tí wọ́n rà á.

Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni. Ọjọ́ mẹ́ta ni ó kù kí àwọn olùbẹ̀wò wá wo iṣẹ́ ìkọ́ni rẹ̀. Ó mi agolo náà lẹ́ẹ̀mẹta, ó mú ère tí ó fẹ́ràn jù lọ, ti bàbá rẹ̀, ó sì fọ́n ọn sí i. Kò pẹ́ tí ère náà fi funfun bí ohun tí a yí nínú eérú. Ojú ọmọ ẹ̀yìn kò hàn mọ́.

Olùkọ́ iṣẹ́-ọnà tí ó sáré lọ bá kò bá a wí. Ó ní nǹkan méjì ni ó lè fa irú èyí. Àkọ́kọ́, lẹ́búlẹ́bú kan wà nínú fáníìṣì tí kì í dán. Bí agolo bá pẹ́ nílẹ̀, á sílẹ̀ sí ìdí rẹ̀, á sì dì. Bí a kò bá mì ín fún ìṣẹ́jú mélòó kan, títí bọ́ọ̀lù inú rẹ̀ yóò fi máa ró geere, kò ní í pò dọ́gba. Èkejì, fáníìṣì tí ó ń yára gbẹ máa ń mú kí ojú ère tutù; bí ọ̀rinrin bá pọ̀ nínú afẹ́fẹ́, á sẹ̀ sí i lára bí ìrì, á sì di funfun. Agolo tí ó ti dípẹtà kò yẹ ní lílò rárá, a kò sì gbọdọ̀ gbé agolo kankan sún mọ́ iná.

Ó wá bi í pé, “Ta ni ó ní kí o fi èyí tí o kò lè rí irú rẹ̀ mọ́ dán agolo wò?”

Ní ọjọ́ kejì, oòrùn ràn. Wọ́n ra agolo tuntun, ti fáníìṣì dídán, tí ó lè mú kí funfun bẹ́ẹ̀ mọ́. Wọ́n fi agolo àtijọ́ sọ pákó kan di funfun, wọ́n sì kọ́kọ́ fọ́n tuntun sí pákó náà. Ó mọ́. Wọ́n dúró di ọjọ́ kejì rẹ̀ kí wọ́n tó fọ́n ọn sí ère bàbá, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, láti nǹkan bí ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 25. Ojú ìyá hàn, gèlè rẹ̀ hàn. Àárín ọmọ àti ẹ̀yìn ìyá nìkan ni funfun díẹ̀ kù sí.

Nínú kíláàsì, ọmọbìnrin kan fi ìka kan ibẹ̀, ó ní, “Ẹ̀yin tíṣà, ṣé àtíkè ni ìyá rẹ̀ fi pa á?” Ó dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni.

Kò gbìyànjú láti mú funfun náà kúrò mọ́. Agolo tuntun wà ní kọ́bọ́ọ̀dù báyìí. Ó kọ ọjọ́ tí wọ́n rà á sí i lára, ó sì kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀ pé: Ẹ kọ́kọ́ dán an wò lára pákó.